Níbo Gan-an Ni Wọ́n Ti Ja Ogun Ọ̀tà?

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. A gbé e síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráàyè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìlú yòókù.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣì ni mí, èmi kì í ṣe òpìtàn. Ohun tí mo kà nínú ìwé, tí mo gbọ́ lẹ́nu àgbà, tí èmi àti ọ̀dọ́ mẹ́rin sì fi ẹsẹ̀ wa rìn wò, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní Ìyànà-Ìpájà tí ẹ ń bọ̀ nílé, kí ni kọ̀ńdọ́ máa ń pè kí ẹ tó wọ Sáńgò? "Tólgéètì! Ẹ̀yin Tólgéètì, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti dáwọ́ owó gbígbà dúró níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn ò bá a kí wọ́n máa gbowó níbẹ̀ rí ti wọ yunifásítì. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Sáńgò tí kò mọ Tólgéètì. Kò sí òfin tó pa orúkọ yẹn mọ́. Ẹnu wa la fi pa á mọ́, torí ojoojúmọ́ là ń pè é.

Ó dáa. Ogun tó fọ́ ìlú wa ní 1842 ńkọ́? Níbo gan-an ni wọ́n ti jà á? Ibo ni àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá pàgọ́ sí? Ibo ni odi ìlú gbà kọjá? Mo béèrè lórí gúrúùpù WhatsApp àwa ọ̀dọ́. Ẹnì kan ní apá Ìyànà-Ìyẹsí ni. Ẹnì kan ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ni. Ẹnì kẹta fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Àwọn yòókù dákẹ́, a sì lé ní igba lórí gúrúùpù yẹn o.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìtàn náà ní ṣókí. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Ṣódẹkẹ́. Ìlú tuntun tí ọ̀tá yí ká nílò ìbọn àti ẹ̀tù, etí òkun ni wọ́n sì ti ń rà á, ní Àgbádárìgì àti ní Èkó. Láti 1839 ni àwọn Sàró pẹ̀lú, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ti ń gba apá ibí padà sílé. Ọ̀tà ló jókòó sórí ọ̀nà. Ìlú tó bá jókòó sórí ọ̀nà, òun ni owó bodè ń bọ̀ sí lọ́wọ́, òun náà sì ni ogun máa ń kọ́kọ́ bá. Ní 1842, Ẹ̀gbá ṣígun wá, wọ́n sì ṣẹ́gun Ọ̀tà.

Kò parí síbẹ̀. Adó, tí í ṣe Àwórì bíi tiwa, ti ran Ọ̀tà lọ́wọ́. Ẹ̀gbá ò gbàgbé, wọ́n lọ sàga ti Adó, ìsàgatì náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà wọ́n. Ní 1844, Ghezo ọba Dahomey bá Ẹ̀gbá pàdé lẹ́bàá Adó níbẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n mú òun fúnra rẹ̀, agboòrùn ọba rẹ̀ àti àga rẹ̀ sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tó gbé ọmọ ogun Dahomey dé ẹnu odi Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851, níbi tí wọ́n ti tún pàdánù.

Nígbà tí ìjọba dá ìjọba ìbílẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1989, wọ́n so orúkọ méjì pọ̀: Adó-Odò/Ọ̀tà. Gbogbo wa la ń kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, a ń kọ ọ́ sórí ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ìlú méjèèjì yìí ti jìyà ogun kan náà, pé èkejì jìyà torí ó ran èkíní lọ́wọ́?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àrọ́bá nílò ibi tí yóò dúró sí. Bí a bá sọ fún ọmọdé pé "ibí yìí ni," yóò rántí. Bí a bá ní "ibì kan lọ́hùn-ún ni," yóò gbàgbé kó tó délé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan báyìí ń ṣe. Mo ka bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa.

Ẹ wo Waterloo ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, 1815. Wọ́n fẹ́ kọ́ ohun ìrántí ńlá, wọ́n sì mọ òkìtì gíga kan tó parí ní 1826, wọ́n gbé ère kìnnìún lé e lórí. Ibo ni wọ́n ti wa iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀? Lórí òkè tí àwọn ọmọ ogun dúró sí lọ́jọ́ ogun náà gan-an. Wọ́n ba ojú ogun jẹ́ kí wọ́n lè rí ohun ìrántí ojú ogun kọ́. Ó di 1914 kí òfin tó jáde pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sórí ilẹ̀ yẹn mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ronú ère alámọ́bù àti táìsì dídán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Ibi ìtàn gan-an ni ká kọ́kọ́ mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ogun Gettysburg wáyé ní ọjọ́ 1 sí 3 oṣù Keje, 1863. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí agbẹjọ́rò kan nínú ìlú kékeré yẹn, David McConaughy, bẹ̀rẹ̀ sí ra ilẹ̀ níbi tí ìjà ti le jù. Nígbà tó fi di 1864, wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀, tó ń dáwó jọ láti tọ́jú ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà á títí di 1895. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 30 ọdún tó jẹ́ pé ará ìlú ló kọ́kọ́ dì í mú kí ìjọba tó dé.

Èyí tó jọ tiwa jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Chantilly, ní Virginia. Wọ́n jà níbẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, 1862, ọ̀gágun méjì sì kú síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Washington ni ibẹ̀ wà, bí Ọ̀tà ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èkó. Ìlú ńlá fẹ̀ dé bẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ẹ́síteètì àti ṣọ́ọ̀bù bo ojú ogun náà mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù lónìí kò tó éékà márùn-ún. Ìbànújẹ́ yẹn ló mú kí àwọn èèyàn díẹ̀ péjọ ní 1987, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ náà àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ American Battlefield Trust báyìí, ti gba ilẹ̀ tó lé ní 50,000 éékà sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé o, Chantilly fúnra rẹ̀ ti lọ. Ẹyọ igun kan ló kù. Ẹyọ igun náà sì lọmọ ń rí tó fi ń béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

Ká padà sílé. Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ gùn ju èyíkéyìí lọ nínú àwọn ogun Yorùbá. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di 1893 kí gbogbo rẹ̀ tó parí pátápátá. Títí dòní, bí ẹ bá dé Ìmẹ̀sí-Ilé tàbí Ìgbájọ, tí ẹ béèrè ojú ogun Kírìjì, ẹ óò rí ẹni tó máa nàka sí i fún yín. Ará ìlú ni kò jẹ́ kó parẹ́.

Ní Umuahia, ọdún 1985 ni wọ́n ṣí National War Museum, ọdún 15 péré lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Wọn ò kàn wá ilẹ̀ ọ̀fẹ́ kan kọ́ ọ sí. Ibi tí rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ nígbà ogun ni wọ́n mú. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á mọ̀ pé ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ gan-an lòun dúró sí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì pẹ̀lú, kí ẹ má baà rò pé bí ìjọba bá ti buwọ́ lù ú, ó ti parí. Láti 1961 ni ìjọba ti kéde yàrà àti odi ìlú Benin gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má kọ́lé wọ inú rẹ̀, kò ní kí wọ́n má wa iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tà, kò sì ní kí wọ́n má da ìdọ̀tí sí i. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin ò ní ojú tó fi ń ṣọ́ ilẹ̀. Ará àdúgbò ló lójú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bàbá wọn àgbà ti mú wọn dé ibi kan rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìjà ti le jù. Àwa ọ̀dọ́ márùn-ún bẹ Bàbá pé kí wọ́n mú wa débẹ̀. A gba kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì. Inú Bàbá dùn, wọ́n wọ agbádá bí ẹni ń lọ òde. Wọ́n ní ká wá odò kékeré kan, ká wá igi àràbà kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, odò náà ti di gọ́tà. Ògiri iléeṣẹ́ kan ló wà níbi tó yẹ kí igi àràbà wà. Sẹ́kúríítì ní ká kúrò lẹ́nu géètì, kò sì bú wa o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Tíréélà ń kọjá, eruku ń bo agbádá Bàbá. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n ní, "Ibí ni. Rárá, ibí kọ́." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú mi relé." Ọmọ onílẹ̀ pátápátá ló sọnù sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

A ò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a gbé ìwé àti bírò tọ Bàbá lọ nínú ilé. A ò béèrè ojú ogun mọ́. A ní kí wọ́n máa ka oko fún wa: oko ta ló tẹ̀ lé oko ta, láti ìlú lọ sí ẹ̀yìn odi. Bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ṣe kà á, orúkọ 14. A lọ bá àgbà méjì míràn, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni wí fún ẹnì kejì. Orúkọ mẹ́sàn-án bá ara wọn mu. Nígbà tí a wá fi wọ́n wé Google Maps, gbogbo rẹ̀ ń fà sí apá kan náà.

Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ níhìn-ín, kí àwọn tó ń tà ilẹ̀ má baà sáré débẹ̀ ṣáájú wa. A ò sì sọ pé ibẹ̀ ni, dájúdájú. Ohun tí a kọ sínú ìwé wa ni pé: "àwọn àgbà mẹ́ta sọ pé." Ṣùgbọ́n nínú gbogbo agbègbè náà, bíi pùlọ́ọ̀tì méjì péré ni wọn ò tíì kọ́ nǹkan sí. Àwọn awọnlẹ̀ sì ti ri òpó mọ́ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú lónìí.

Ohun méjì wà tí àwọn àgbà bi mí, ó sì yẹ kí n fèsì.

Àkọ́kọ́: "Ṣé torí òkú ogun ni kí àwọn iléeṣẹ́ kó lọ?" Ká má rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ òru ní iléeṣẹ́ kan lágbègbè yìí, owó yẹn wà lára ohun tó ń rán mi níwèé. A ò ní kí ẹnikẹ́ni wó ògiri. Igun kan là ń bẹ̀bẹ̀ fún, àti pátákó kan lára ògiri tó ti wà níbẹ̀.

Èkejì: "Àbí ẹ fẹ́ dá ìjà àwa àti Ẹ̀gbá sílẹ̀ padà ni?" Ẹ gbọ́ mi o. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá ìyá mi. Mélòó nínú wa ni kò ní àna ní Abẹ́òkúta? Ní 1913, tí ogun Gettysburg pé 50 ọdún, àwọn arúgbó ọmọ ogun láti ìhà méjèèjì péjọ sójú ogun náà, wọ́n lé ní 50,000, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí kò bá sí ibì kan tó kù, ibo ni wọn ì bá ti pàdé? Ìtàn tí a bá fi pamọ́ ló máa ń di ẹ̀tanú. Èyí tí a bá sọ síta, tí a jọ sọ, ọkàn a máa balẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí pátákó náà, ẹ jẹ́ ká pe àgbà Ẹ̀gbá kan àti àgbà Adó kan, kí wọ́n kà á kó tó jáde.

Kí wá ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe? Nǹkan márùn-ún, kò sí èyí tó ju agbára wa lọ.

Èkíní, bí ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ṣí fọ́ọ̀nù yín, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má béèrè ìtàn ogun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ oko, odò, igi, àti ọ̀nà. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò yín pẹ̀lú ohùn náà, yálà Ọ̀tún, Òsì tàbí Ìjánà.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Birmingham àti agbègbè rẹ̀, iṣẹ́ yín rèé. Ní 1854, ọdún 12 lẹ́yìn ogun, James White, ọmọ Sàró, dé Ọ̀tà gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ CMS, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbí. Ó máa ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Yunifásítì Birmingham ni ìwé àwọn CMS wà. Ẹ lọ béèrè, ẹ kà á, ẹ kọ ohun tó bá kan ìlú wa wá fún wa. Àwa tí a wà nílé yóò lọ sí National Archives ní Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà sí ààfin Ọlọ́tà, ká gba àṣẹ kí a tó gbé ẹsẹ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ká kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ NCMM, ká sì bá ìdílé tó ni pùlọ́ọ̀tì méjì náà sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí ìnùbí. Láti 1978, òfin ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ibi tí kò bá sí nínú ìwé ìjọba, wọ́n lè fi ṣe ohunkóhun láìmọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ o! Bí ẹ bá rí ọta ìbọn tàbí àfọ́kù ìkòkò, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi í síbi tó wà. Òfin ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa hú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ. Bí a bá sì ti gbé e kúrò níbi tó wà, ìdajì ìtàn rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ̀karùn-ún, owó. Òpó símẹ́ńtì kan àti pátákó kan kì í ṣe owó ńlá. Akápò ẹgbẹ́ yóò gbé iye rẹ̀ sórí gúrúùpù. Ohun tó bá ṣẹ́kù, ká fi tẹ ìwé pélébé kan tí ilé ẹ̀kọ́ yóò máa lò.

Bàbá tí mo sọ nípa wọn ṣì wà láyé. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá pé, "Ṣé ẹ ti rí ibẹ̀?" Mo ní, "A ti sún mọ́ ọn, Bàbá." Wọ́n ní kí a tètè ṣe é, àwọn fẹ́ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lọ bá bàbá wọn àgbà.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tà, ẹ ò rí i pé ó yẹ kí kọ̀ńdọ́ máa pe orúkọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń pe Tólgéètì? Kí ọmọdé gbọ́ orúkọ náà nínú bọ́ọ̀sì, kó bi ìyá rẹ̀ léèrè, kí ìyá rẹ̀ sì mọ ohun tó máa wí.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́. Ilé á tura, oko á sunwọ̀n. Ẹ fi ohùn àgbà ránṣẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé.